Ọ̀gá Gílóbà, Èwo Gan-an Lorúkọ Yín?

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Ìrẹ́mọ, nílùú Ilé-Ifẹ̀, lójú títì tó ti Ẹnuwá sọ̀kalẹ̀ lọ sí Lágere, tí n kò ní dárúkọ wọn. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ló pọ̀ jù, n kò mọ èyí tí ǹ bá mú níbẹ̀. Ẹ wo iwájú ilé wọn: sáìnbọ́ọ̀dù méje ló tò síbẹ̀ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Ọ̀kan fún búlọ́ọ̀kù, ọ̀kan fún omi inú ọ̀rá, ọ̀kan fún jẹ́lé-ó-sinmi, ọ̀kan fún àga àti àtíbàbà tí wọ́n ń fi háyà, ọ̀kan fún ẹ̀rọ ìlọta, ọ̀kan fún oúnjẹ adìẹ. Ìkeje ti ṣá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n fúnra wọn kò rántí ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ mọ́. Sáìnbọ́ọ̀dù méje, orúkọ méje, lógò méje. Idì ló wà lára ti búlọ́ọ̀kù. Kìnnìún tó la ẹnu ló wà lára ti jẹ́lé-ó-sinmi, mo sì rò pé ìdí nìyẹn táwọn ọmọ fi ń sunkún láràárọ̀. Àwòrán ayé roboto ló wà lára ti ẹ̀rọ ìlọta.

Nísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́, wọ́n kọ “& Sons”. Obìnrin ni gbogbo ọmọ tí ẹ̀gbọ́n bí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nísàlẹ̀ ti ìkejì, “Ventures”. Ti ìkẹta, “Multi-Concept”, tẹ́nikẹ́ni kò tíì túmọ̀ fún mi di òní olónìí. Ti ẹ̀rọ ìlọta ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù: “Global Resources International”. Ata Ìrẹ́mọ nìkan ni ẹ̀rọ náà ń lọ̀. Bí iná bá sì lọ, kò lọ ìyẹn náà mọ́. Nítorí èyí, Ọ̀gá Gílóbà ni màá máa pe ẹ̀gbọ́n títí tá a ó fi parí ọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo bá wọn lórí àga oníke lábẹ́ igi máńgòrò, ibi tí àwọn ń pè ní hẹ́díkọ́tà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó o. Iléeṣẹ́ wo lẹ wà lónìí?”

“Gbogbo rẹ̀ ni mo wà. Ìwọ jókòó.” Wọ́n tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀: “Mo fẹ́ da àwọn nǹkan yìí pọ̀. Ọmọ àbúrò mi tó dé láti Èkó ní mi ò ní bíráǹdì, pé pátákó lásán ni mo ní. Ìwọ tó o jẹ́ akọ̀wé, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ṣé kí gbogbo wọn máa jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo ni, àbí kí kálukú máa jẹ́ tiẹ̀?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè ńlá nìyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ilé àwòṣífìlà ń san owó gọbọi fún àwọn onímọ̀ kí wọ́n lè bá wọn dáhùn rẹ̀. Fáńtà kan ni Ọ̀gá Gílóbà fi bi mí. Mo mu Fáńtà náà tán, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ rò ó. Èsì mi rèé.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lọ sí Èkó, ẹ má lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìlú yìí gan-an ni wọ́n ti mọ iṣẹ́ yìí jù. Kí ni adé ìlẹ̀kẹ̀ bí kì í bá ṣe lógò? Ẹyẹ wà lórí rẹ̀, ojú wà lára rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ṣú bo ojú ẹni tó dé e. Ẹni tó bá ti ọ̀ọ́kán rí i ti mọ̀ pé ọmọ Odùduwà ló ń bọ̀, kò dúró de akígbe. Ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó dé Kétu, ó dé Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin lóde òní. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gá tirẹ̀, àpò tirẹ̀ àti ọmọ-ogun tirẹ̀, wọ́n sì máa ń nara wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n lógò kan náà ló wà lórí gbogbo wọn, ẹni tí Ifẹ̀ kò bá fún kò gbọ́dọ̀ dé e.

Ṣé ẹ wá mọ̀ pé ẹjọ́ lógò yìí dé iwájú gómìnà òyìnbó? Ní 1903 ni. Ṣàgámù ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, ìlú tó jẹ́ pé ìdàpọ̀ ni òun fúnra rẹ̀. Ní 1872, ìlú mẹ́tàlá ní Rẹ́mọ kó ara wọn jọ sójú kan kí ogun má baà kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníkálukú gbé ọba rẹ̀ dání wá, oyè kankan kò ṣẹ́kù sílé. Ẹ fojú inú wo ṣọ́ọ̀bù mẹ́tàlá tó da ara wọn pọ̀ láìyọ sáìnbọ́ọ̀dù ẹnì kankan! Akárìgbò ni olórí gbogbo wọn. Ó ṣàdéédé rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọba yòókù, Elépè, ti gbé adé ìlẹ̀kẹ̀ lérí. Akárìgbò ní irú kí lèyí, ta ló fún un? Ọ̀rọ̀ náà rìn títí, ó dé ọ̀dọ̀ William MacGregor, Gómìnà Èkó. Dókítà ni òyìnbó náà kó tó di gómìnà. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń wo ibà, kò mọ ẹni tó yẹ kó dé adé. Ó wá ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kì í ṣe: ó ránṣẹ́ sí ẹni tó ni lógò.

Ni Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe kìíní bá dìde ní Ifẹ̀, ó di Èkó. Ọọ̀ni kan kò tíì rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn àgbà ní títí kábíyèsí fi padà délé, àwọn ọba ńlá ilẹ̀ Yorùbá jáde kúrò láàfin wọn, ẹnì kan kò jókòó sórí ìtẹ́. Nítorí lógò! Lóde òní, bí ọ̀gá àgbà bá rìnrìn-àjò, àwọn òṣìṣẹ́ a tan tẹlifíṣọ̀n, wọn a ránni lọ ra àkàrà.

Kábíyèsí dé Èkó, wọ́n ka àwọn tó gba adé láti Ifẹ̀. Elépè kò sí níbẹ̀. Ìjọba tẹ̀ ẹ́ sínú Gazette rẹ̀, ẹjọ́ tán. Kò sí lọ́yà, kò sí pé ẹ jẹ́ ká sún un síwájú.

Èyí tó wá kan àdúgbò wa ni pé ìtàn àwọn Rẹ́mọ fúnra wọn sọ pé Ìrẹ́mọ níbí ni wọ́n ti ṣí lọ, àti pé lára orúkọ wa ni wọ́n ti fa tiwọn yọ. Ìyẹn ni pé ìjà lógò tó dé ilé ìjọba yìí, ọmọ àdúgbò wa ló jà á, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọ̀gá Gílóbà, ẹ̀bi yín kọ́. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn baba wa tún mọ ohun kan tí àwọn ọmọ oní-CorelDraw kò mọ̀: kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbé lógò ńlá jáde. Fún ìjókòó ojoojúmọ́, ọba ní oríkògbófo, fìlà ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tí kò ní ìbòjú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe ṣe máa ń ní àmì kékeré kan fún ojú fóònù àti ìdérí ìgò, níbi tí àmì ńlá kò ti ní hàn. Adé Arè wá yàtọ̀ sí gbogbo rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Ọọ̀ni ń dé e, nígbà ọdún Ọlọ́jọ́, Ifẹ̀ a sì tú jáde wá wò ó. Ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ lógò yín sára bébà tí mọ̀lá fi ń wé súyà. Ta ló fẹ́ tú jáde?

Nígbà tí wọ́n wá fi orúkọ Odùduwà gan-an dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, mo ní ó parí, wọ́n á jogún ọgbọ́n baba wọn. Ní 1976, ìjọba ológun pín Western State sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo dúkìá tó wà nílẹ̀, wọn kò rí bí wọ́n ṣe lè fi ayùn la Cocoa House sí mẹ́ta, ni wọ́n bá dá Odù'a Investment sílẹ̀ kó máa bá wọn tọ́jú ogún. Ọ̀ṣun àti Èkìtì wọlé nígbà tí wọ́n bí àwọn náà, Èkó sì ti dara pọ̀. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo orúkọ yẹn. Wọ́n la baba ńlá wa láàárín, wọ́n yọ ìfun rẹ̀, wọ́n wá fi àmì kékeré kan lẹ ojú egbò.

Ẹ wá wo àwọn ọmọ. Wemabod ló ń bójú tó ilé àti ilẹ̀. Premier Hotel wà lórí òkè Mọ́kọ́lá. Lafia Hotel wà, Lagos Airport Hotel wà. Cocoa House, ilé alájà 26 tí wọ́n ṣí ní 1965, ni hẹ́díkọ́tà fúnra rẹ̀ wà. Bí ẹ bá pàdé àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́jà, ta ni yóò mọ̀ pé baba kan náà ló bí wọn? Ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ àjọ tó máa ń ra kòkó tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ń jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ń jẹ́ àlàáfíà, ọ̀kan ń jẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ó jọ ilé olórogún tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ti sọ ọmọ tirẹ̀ lórúkọ kí bálé tó ti oko dé.

Àmọ́ kí n má ṣe ojúsàájú. Ọgbọ́n kan wà nídìí rẹ̀ bó ti wù kó rí. Bí omi bá kọ̀ tí kò yọ ní báluwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, òtẹ́ẹ̀lì ni àlejò yóò bú, kò ní fẹnu kan Odùduwà. Ìyẹn nìkan ti tó owó onímọ̀.

Èyí tí n kò lè dárí rẹ̀ ji ẹnikẹ́ni ni ti báńkì Wema. Ní 1945, Olóyè Mathew Adékọ̀yà Okupe dá báńkì kan sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní Àgbọ́nmágbẹ. Ẹ tún un pè kó dùn lẹ́nu yín: à-gbọ́n-má-gbẹ. Kànga tí gbogbo ìlú ń gbọ́n tí kì í gbẹ! Orúkọ báńkì wo lẹ tún fẹ́? Ó ti polówó ara rẹ̀ tán. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ lọ tú owó tẹ́ ẹ rì mọ́lẹ̀. Ní 1969, lẹ́yìn tí Western Nigeria Marketing Board, àjọ tó ń ra kòkó yẹn, ti gba báńkì náà, wọ́n ju orúkọ yìí nù, wọ́n gé “We” lára Western, wọ́n gé “Ma” lára Marketing, wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ẹni tó so okùn ewúrẹ́. Ó di Wema. Bí ẹni gba ọmọ tó ń jẹ́ Adéníkẹ̀ẹ́, tó ń pè é ní Adké kó lè wọ inú fọ́ọ̀mù. Àwọn kan ń bá mi jiyàn pé wọ́n lérò pé èdè ibòmíràn ni. Rárá o, kòkó ni. Kòkó tó wọ kóòtù.

Ọmọ Ìpẹru ni Okupe. Rẹ́mọ tún ni! Mo ti wí fún yín pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Síbẹ̀ Wema ti fọgbọ́n ṣe nǹkan kan. Ní 2017 ó bí ALAT, báńkì tó ń gbé inú fóònù, kò sì wọ́ ọ sábẹ́ ìró ìyá. Ó fún un ní orúkọ tirẹ̀ àti àwọ̀ tirẹ̀, ìyá wá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ wínníwínní sábẹ́ ti ọmọ. Ọ̀dọ́ tó búra pé òun kò ní lo báńkì baba òun láéláé ń fi ALAT ra ìpápánu. Báńkì baba rẹ̀ ló ń lò.

Alhaji Dangote ò ní àkókò fún gbogbo eré yẹn. Símẹ́ǹtì, Dangote. Ṣúgà, Dangote. Iyọ̀, Dangote. Ilé ìfọpo tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo lóòjọ́, Dangote. Ẹ má gbé ọmọ tí kò tíì lórúkọ kọjá níwájú ọkùnrin yìí. Ìlànà náà kò wọ́n: sáìnbọ́ọ̀dù kan, òkìkí kan, gbogbo ọmọ ń jẹ nínú rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí símẹ́ǹtì bá gbówó lórí, ẹni tó ń bu ṣúgà sí gaàrí náà á bá wọn dá sí èébú. Títa ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ sì nira, nítorí ẹni tó ra ọmọ kò ra orúkọ ìdílé. Ní 2012, Dangote ta apá tó pọ̀ jù nínú ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ fún Tiger Brands ti South Africa. Wọ́n yọ Dangote kúrò, wọ́n fi ẹkùn sí i: Tiger Branded Consumer Goods. Ẹkùn jókòó títí, kò rí ẹran pa. Ní 2015 wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ní dọ́là kan. Ẹ tún un kà: dọ́là kan. Owó tí ẹ óò fi ra búrẹ́dì kan, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì ni wọ́n fi rà. Orúkọ àtijọ́ sì padà sára rẹ̀.

Unilever gba òdìkejì ọ̀nà lọ. Ta ní Ìrẹ́mọ ló ti ra ohun tó ń jẹ́ Unilever rí? Ẹ lọ bá ìyá tó ń ta ẹrù wẹ́wẹ́, ẹ ní kó ta Unilever ọgọ́rùn-ún náírà fún yín, á bi yín bóyá ẹ ti jẹun. Bẹ́ẹ̀, ó ti ta Close-Up, Royco, Knorr àti Vaseline fún yín láàárọ̀ yìí. Kálukú ń jẹ́ tirẹ̀, baba ń ka owó ní yàrá. Nínú gbogbo wọn, Omo tí wọ́n fi ń fọṣọ ló wọ̀ wá lára jù. Obìnrin á dé ìsọ̀, á ní, “Ẹ fún mi ní Omo. Klin ni kẹ́ ẹ fún mi o.” Ní 2023, Unilever Nigeria kéde pé òun ò ní ṣe Omo mọ́. Omo ò sí lọ́jà, Omo ṣì ń bẹ lẹ́nu, ó ń bá àwọn tó bá a du ọjà polówó lófẹ̀ẹ́. N kò rí irú òkú bẹ́ẹ̀ rí. UAC náà ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀: láti 1962 ló ti ń ṣe Gala, gbogbo ẹran inú búrẹ́dì tí wọ́n ń tà lójú títì sì ti di Gala, ìbáà jẹ́ ẹlòmíràn ló ṣe é.

Àbíkú wá ni ti àwọn kan. Ẹ rántí Econet, ilé-iṣẹ́ fóònù tó dé ní 2001? Ní 2004 ó di Vodacom. Kí ẹni tó kun kíọ́ọ̀sì tó fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ti di Vmobile. Ní 2006, Celtel. Ní 2008, Zain. Ní 2010, Airtel. Orúkọ mẹ́fà láàárín ọdún mẹ́sàn-án, 0802 kan náà! Bí ó bá jẹ́ nílé wa ni wọ́n bí i, ìyá àgbà ì bá ti là á nílà níkẹta, ì bá sì sọ ọ́ ní Kòsọ́kọ́. Mo mọ kíọ́ọ̀sì onípákó kan tó la gbogbo rẹ̀ já. Bí òjò bá bó ọ̀dà rẹ̀, èèyàn lè ka ìtàn Nàìjíríà lára rẹ̀ láìra ìwé. Airtel ti dúró láti 2010 ṣá. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Dúrójayé, kí ojú má tún lọ tì wá.

Ẹni tó bá sì rò pé òun lè fi òfin yí orúkọ lẹ́nu èèyàn, kó rìn gba Lágere kọjá lọ sí géètì yunifásítì. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ti ń ṣe àwàdà láti kékeré: University of Ife ló ń jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1962, Ìbàdàn ló sì ń gbé. Ọdún 1967 ló tó ṣí wá sí ìlú tí wọ́n ń fi pè é. Bí ẹni ń jẹ́ Ọmọ́wùmí tí kò tíì dé ilé ọkọ. Ní oṣù karùn-ún 1987, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ikú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n yí géètì, wọ́n yí lẹ́tà, wọ́n yí ìwé ẹ̀rí. Ọmọ tó ń wọlé síbẹ̀ lónìí, wọn kò tíì bí i nígbà yẹn, síbẹ̀ “Great Ife” ló ń pe ara rẹ̀. Ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn rẹ̀ náà ní ẹ̀ka kan ní Iléṣà, Wesley Guild tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì fi lélẹ̀. Ẹ sọ fún aláìsàn ní Iléṣà pé Obafemi Awolowo University Teaching Hospitals Complex lẹ̀ ń gbé e lọ, kó tó gbọ́ ọ tán àìsàn á ti pọ̀ sí i. Ẹ sọ pé Wẹ́sílì, á wọ bàtà.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ sì ni Awólọ́wọ̀. Ìrẹ́mọ bí Rẹ́mọ, Rẹ́mọ bí Awólọ́wọ̀, orúkọ Awólọ́wọ̀ sì padà wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìlú tó bí Rẹ́mọ. Ẹ ò rí i pé ohun tá a rán jáde ló padà wá bá wa?

Ọ̀gá Gílóbà, ó kàn yín báyìí. Mo lọ bá wọn lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú èsì mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ mú orúkọ ìdílé yín, ẹ fi sára búlọ́ọ̀kù, àtíbàbà àti ẹ̀rọ ìlọta, nítorí ojú yín ni àwọn oníbàárà ń rí kí wọ́n tó sanwó. Jẹ́lé-ó-sinmi àti oúnjẹ adìẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jọ jẹ́ orúkọ kan láéláé. Lọ́dún tó kọjá, onítẹ̀wé yín fi lógò oúnjẹ adìẹ sórí rìsíìtì owó iléèwé. Bàbá ọmọ kan gbé rìsíìtì wá, ó ń bèèrè ìgbà tí wọ́n máa pa ọmọ òun. Ẹ ní ó dùn yín. Mo rí yín tẹ́ ẹ wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín.

Mo ní ẹ jẹ́ kí lógò mí. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ yí i ká, bí wọ́n ṣe ń fi ààyè sílẹ̀ fún ọba. Lára sáìnbọ́ọ̀dù búlọ́ọ̀kù yín, idì wà láàárín nọ́ńbà fóònù márùn-ún, ẹsẹ Bíbélì méjì, ọfà tó ń júwe ọ̀nà àti “RC” tí kò ní nọ́ńbà kankan níwájú. Ẹyẹ náà kò rí ibi na apá sí. Ọmọ tó ń ṣe gíráfíìsì fún yín sì ní láti jáwọ́ nínú fífa lógò bí ẹni ń fa awọ gángan. Ó fà á gùn lára mọ́tò, ó fún un pọ̀ lára káàdì. Idì di pẹ́pẹ́yẹ, kìnnìún di ológbò. Pupa tó wà lára pátákó ti di àwọ̀ ọsàn lára lẹ́tà, ó sì di píǹkì lára T-shirt. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọ̀ yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa fún gbogbo onítẹ̀wé ní ọ̀kan náà. “Ẹ ṣáà fi pupa sí i” kì í ṣe nọ́ńbà. Ìyàwó yín kì í ra aṣọ ẹbí bẹ́ẹ̀. Ó ń mú àpẹẹrẹ dání lọ sọ́jà ni.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi wọ àwọn létí, pé àwọn á yọ idì, àwọn á yọ kìnnìún, àwọn á yọ ayé roboto, ohun kan ṣoṣo ni yóò máa wà lára gbogbo rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Inú mi dùn. Mo ti ń fọkàn sí Fáńtà kejì.

“Kí lẹ máa wá fi sí i, ẹ̀gbọ́n?”

“Fọ́tò mi.”

Wọ́n ti tẹ ti omi inú ọ̀rá tán báyìí, ó ti wà nígboro. Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀ nínú agbádá àti fìlà abetí-ajá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi orí wọn sí, ibi tí gbogbo wa ń fi eyín fà ya. Láàárọ̀ òní nìkan, mo ti rí ọmọdé mẹ́ta tó gé orí ẹ̀gbọ́n jẹ, tó tu ú sílẹ̀, tó sì mu omi tó kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìyàwó wọn, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n: kí wọ́n sọ fún ọkọ wọn kó gbé orí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ lára ọ̀rá náà.